Ìtànṣán, Kọ̀ǹpútà Ọkọ̀ Gbalasa àti Àǹkóò Fáwẹ̀lì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ gbalasa kan tó ń jẹ́ Voyager 2 bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn tí kò ṣe é kà ránṣẹ́ sí ilé ayé. Láti ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà ti rán an lọ. Ó ti kọjá gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ńláńlá, ó sì ti wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 kìlómítà sí wa. Iná rẹ̀ kò kú, rédíò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń wọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ inú ohùn náà ló dàrú.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ NASA ní kó ka gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún àwọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i lo nǹkan bíi wákàtí 13 kó tó débẹ̀, èsì náà sì lo iye wákàtí kan náà kó tó padà dé. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀, 0 àti 1 ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni à ń pè ní bíìtì. Nígbà tí wọ́n fi ohun tó dé wé ohun tó yẹ kó jẹ́, wọ́n rí i pé bíìtì kan ṣoṣo ló yí padà. 0 ti di 1. Wọ́n tún un tò ní oṣù karùn-ún, ìròyìn sì ń wọlé bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ ṣí, ẹ kò ṣí ti físíìsì. Ẹ fara balẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ọkọ̀ tó gbé núkílíà dání, tó sì ń rìn nínú ìtànṣán tọ̀sán tòru, báwo ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe ń pẹ́ láyé? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa á kọ́kọ́ ronú kàn ni ògiri tó nípọn. Ògiri wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá kan ìdáhùn náà wà nínú ohun tí a ti kọ́ ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, ó sì kan àwọn àmì tí a máa ń fò nígbà tí a bá ń kọ Yorùbá.

1. Ibi tí ìtànṣán ti ń wá

Ìtànṣán tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ lásán. Èyí tó lágbára ni, débi pé bó bá gba ara nǹkan kọjá, ó lè já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ gbalasa èyíkéyìí. Èkíní ni oòrùn, tí inú máa ń bí nígbà mìíràn tí yóò sì tu ìtànṣán jáde bí ẹni tu omi. Èkejì ni ọ̀nà jíjìn réré láàárín àwọn ìràwọ̀. Èyí tó ń ti ibẹ̀ wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń sáré jù, òun náà ló sì ṣòro jù láti dá dúró. Ẹ̀kẹta ni àyíká àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì, bíi ilé ayé àti Júpítà, tí wọ́n kó ìtànṣán jọ yí ara wọn ká bí ìgbànú.

Ọkọ̀ tó ń lo núkílíà ní ẹ̀kẹrin: èyí tó gbé dání fúnra rẹ̀. Kí ló dé tó fi gbé e? Nítorí pé oòrùn kì í tó nǹkan lọ́nà jíjìn. Ní Sátọ̀n, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 90 èyí tí à ń rí nílé ayé lọ.

Irú iná núkílíà méjì ló wà lórí ọkọ̀ gbalasa. Nínú irú kìíní, plutonium-238 ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń sọ ooru náà di iná mànàmáná. Ọdún 87.7 ni ìdajì rẹ̀ máa ń lò kó tó jẹrà tán, ìdí nìyẹn tí Voyager fi ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Irú kejì ni rìákítọ̀, níbi tí wọ́n ti ń la átọ́ọ̀mù sí méjì. Amẹ́ríkà gbé rìákítọ̀ kan lọ sí gbalasa, èyí tó ń jẹ́ SNAP-10A, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1965. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì gbé èyí tó lé ní 30 lọ ní tiwọn.

Ìyàtọ̀ àárín irú méjèèjì ṣe pàtàkì. Ìtànṣán alpha ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde lára plutonium-238, bébà lásán sì lè dá alpha dúró. Gamma àti neutron díẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Rìákítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, gamma àti neutron ló ń dà jáde lára rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè lásán ni èyí, àwọn àpáta tó yí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ká náà ní uranium àti thorium díẹ̀ bíńtín nínú, bí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ní níbi gbogbo. Kò pa wá lára. Ṣùgbọ́n díẹ̀ bíńtín náà lè ṣe nǹkan. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Intel rí i pé alpha tó ń jáde lára amọ̀ tí wọ́n fi ṣe pálí ṣíìpù wọn ló ń yí bíìtì padà nínú kọ̀ǹpútà. Wọn kò kúrò nílẹ̀ kí ìtànṣán tó bá wọn.

2. Ohun tí ìtànṣán ń ṣe fún ẹ̀rọ

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ ká mọ̀.

Èkíní ni ìbàjẹ́ tó ń kóra jọ. Ìtànṣán tó wọlé lónìí kò ṣe nǹkan, tọ̀la kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ń kóra jọ sínú ṣíìpù bí ìpẹtà ṣe ń jẹ páànù orí ilé. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà kò ní lè tan tàbí kú bó ṣe yẹ mọ́.

Èkejì ni bíìtì tó yí padà. Ẹyọ ìtànṣán kan ṣoṣo gba ibi tí bíìtì wà kọjá, 0 di 1 tàbí 1 di 0. Ṣíìpù náà kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Irú èyí ló ṣe Voyager 2.

Ẹ̀kẹta ló léwu jù. Ìtànṣán lè ṣí ọ̀nà tí kò yẹ kó ṣí nínú ṣíìpù, kí iná máa ya gba ibẹ̀ láìdúró. Bí wọn kò bá tètè pa iná ẹ̀rọ náà, yóò gbóná títí yóò fi jóná. Bí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún tàn án, ó lè padà sípò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Ẹ̀kẹta yìí kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa gan-an. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n gbé sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń jẹ́ Nigeria EduSat-1 lọ sí ibùdó gbalasa àgbáyé, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti ibẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù keje. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ ló ni ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ ọ, ní Japan, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Kyushu, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Gánà, Bangladesh, Mongolia àti Japan tí wọ́n ń kọ́ tiwọn. Sátẹ́láìtì márààrún jọra: àpótí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó ga ní 10, tó gùn ní 10. Oòrùn ló ń fún wọn níná, kì í ṣe núkílíà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni kí wọ́n wo bí ìtànṣán ṣe ń ṣí irú ọ̀nà iná òdì yìí nínú ṣíìpù. Àpótí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ni wọ́n rán lọ wo ohun tó ń ba àwọn ọkọ̀ olówó ńlá lẹ́rù.

Ilẹ̀ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ irú èkejì. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2003, wọ́n dìbò ní Schaerbeek ní orílẹ̀-èdè Belgium, kọ̀ǹpútà ló sì ń ka ìbò. Olùdíje kan ní ìbò 4096 lé sí iye tó yẹ kó ní. 4096 kì í ṣe iye ṣákálá: 2 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ títí tó fi jẹ́ 2 méjìlá ni, ìyẹn iye tí ẹyọ bíìtì kan ṣoṣo ń dúró fún. Wọ́n gbà pé ìtànṣán láti sánmà ló lè fà á. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni bí wọ́n ṣe mọ̀. Iye ìbò náà ju èyí tó ṣeé ṣe kí olùdíje náà ní lábẹ́ òfin ìdìbò wọn lọ. Bí kò bá sí òfin tó sọ pé iye kan kò ṣeé ṣe, kò sí ẹni tí ì bá fura.

3. Jíjìnnà, asà, àti ṣíìpù alágbára

Ààbò àkọ́kọ́ ni jíjìnnà. Bí o bá jìnnà sí orísun ìtànṣán ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ á dín kù sí ìdá mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi na ọ̀pá gígùn jáde lára Voyager, tí wọ́n so iná núkílíà mọ́ ọn, tí wọ́n sì kó àwọn ẹ̀rọ tó ń wòran sí ọ̀pá tó wà ní òdìkejì.

Ààbò kejì ni asà. Kì í ṣe nǹkan kan náà ló ń dá gbogbo ìtànṣán dúró. Gamma ń fẹ́ irin wúwo bí òjé tàbí tungsten. Neutron ń gba irin wúwo kọjá bí ẹni kò rí i. Nǹkan fúyẹ́ tí haidirójìn pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń dín eré rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá gbéra nílẹ̀ ló ń ná owó lórí ìwọ̀n rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi òjé bo gbogbo ara ọkọ̀ gbalasa. Ohun tí wọ́n ṣe sí SNAP-10A ni pé wọ́n fi asà kan ṣoṣo sí àárín rìákítọ̀ àti ẹ̀rọ. Asà náà dá òjìji sílẹ̀, wọ́n sì to gbogbo ẹ̀rọ sínú òjìji náà. Bí èèyàn ṣe ń jókòó sábẹ́ ìbòji igi ọ̀dán lọ́sàn-án gangan nìyẹn: oòrùn kò dín kù ní ìlú, ìwọ lo wà níbi tí kò ti rí ọ.

Ẹni tí kò bá sí lábẹ́ ìbòji ni yóò sọ bó ṣe rí. Láàárín àwọn ọdún 1980, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan tí wọ́n rán lọ wo oòrùn, Solar Max, ń rí gamma tí kò ti ara oòrùn wá. Rìákítọ̀ àwọn sátẹ́láìtì Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá lọ ló ń tàn án. Asà wọn ń ṣọ́ ẹ̀rọ tiwọn. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú aládùúgbò.

Ọjọ́ 43 péré ni rìákítọ̀ SNAP-10A fi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe rìákítọ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣètò agbára iná lára ọkọ̀ náà ló daṣẹ́ sílẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ bá kú, ó sì wà lókè níbẹ̀ di òní. Ẹ̀rọ kékeré lè pa iṣẹ́ ńlá.

Ààbò kẹta ni kí wọ́n ṣe ṣíìpù tí ìtànṣán kò lè tètè rí mú. Irú èyí ló wà nínú Curiosity, ọkọ̀ oní-plutonium tó balẹ̀ sí Máàsì ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Orúkọ ṣíìpù náà ni RAD750. Kò yára: fóònù ọwọ́ yín yára jù ú lọ fíìfíì. Wọ́n fi méjì síbẹ̀, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá ṣàìsàn. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ìrántí kọ̀ǹpútà kìíní dàrú lóòótọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún èkejì.

4. Nígbà tí ògiri kò tó: Cassini

Ìtànṣán tó yára jù láti ọ̀nà jíjìn máa ń gba inú irin kọjá. Ìgbà mìíràn, bó bá fi orí sọ irin, á tún fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á sì di ìtànṣán mìíràn. Nítorí náà, ó dájú pé àwọn bíìtì kan yóò yí padà, bó ti wù kí asà nípọn tó. Ìbéèrè tó kù ni: nígbà tó bá yí padà, ṣé a ó mọ̀? Bí a bá mọ̀, ṣé a ó lè tún un ṣe?

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni Cassini gbéra lọ sí Sátọ̀n, pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 33 plutonium. Àpótí ìrántí méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gba bílíọ̀nù 2.5 bíìtì. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ṣíìpù ìrántí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n lò níbẹ̀. Láàárín ọdún méjì ààbọ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bíi 280 bíìtì ló ń yí padà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1997, nígbà tí inú bí oòrùn, iye náà lé ní ìlọ́po mẹ́rin ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀ ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún, títí wọ́n fi mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó wọ inú Sátọ̀n lọ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017.

Bíìtì 280 lójúmọ́, kí ló mú un pẹ́? Kì í ṣe ògiri. Àfikún bíìtì ni. Fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sínú ìrántí náà, wọ́n kọ bíìtì díẹ̀ kún un tí kò sọ nǹkan tuntun kankan. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní bíìtì ẹlẹ́rìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ká ní òfin wa ni pé iye 1 nínú gbogbo ìlà, ní ìbú àti ní òòró, gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣe é pín sí méjì. Ẹ wo èyí:

1 0 1
0 1 1
1 1 0

1 méjì-méjì ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ní ìbú àti ní òòró. Ó dára. Wàyí o, ìtànṣán kan kọjá:

1 0 1
0 0 1
1 1 0

Ìlà kejì ní ìbú pariwo: 1 kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ìlà kejì ní òòró náà pariwo. Níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ní àárín gan-an, ibẹ̀ ni olè wà. Nítorí pé bíìtì kò lè jẹ́ ju 0 tàbí 1 lọ, bí a bá ti mọ ibi tó wà, a ti mọ bí a ó ṣe tún un ṣe. Richard Hamming, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n tó tún dára ju èyí lọ jáde ní ọdún 1950, irú rẹ̀ sì ni Cassini lò: bí bíìtì kan bá yí padà nínú ọ̀rọ̀ kan, ó ń tún un ṣe, bó bá jẹ́ méjì, kò lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

5. Ìkàrẹ́, ẹ̀tọ́ àti Ọ̀kà

Ìwádìí àṣekágbá mi dá lórí orúkọ àwọn àdúgbò ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ojú ọ̀nà kan náà ló sì so ìlú méjèèjì pọ̀. Ibi tí mo ti ń to orúkọ wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ Cassini ti yé mi dáadáa.

Ẹ rántí àǹkóò fáwẹ̀lì. Bí ẹbí ṣe ń wọ aṣọ kan náà lọ sí òde ìnáwó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ kan ń bá ara wọn dọ́gba. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àkànpọ̀ tí kì í sì í ṣe àyálò, «e» àti «o» kì í bá «ẹ» àti «ọ» jókòó pọ̀. Bákan náà, fáwẹ̀lì tó bá ṣáájú «a» kò lè jẹ́ «e» tàbí «o»: a ní ẹja, ọba, ọjà, a kò ní irú wọn tí kò ní àmì lábẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn «a», ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀: a ní adé, a sì ní àgbẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú àmì abẹ́ lẹ́tà bíi bíìtì. Bó bá wà, 1 ni. Bí kò bá sí, 0 ni. Ẹ gbé àmì ohùn tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà «ẹ̀tọ́». 1 àti 1 ni. «Ètò» jẹ́ 0 àti 0. Bí àmì kan bá bọ́ lára ẹ̀tọ́, yóò ku «ẹto» tàbí «etọ», tí àǹkóò fáwẹ̀lì kò gbà. Lójú ẹsẹ̀, ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè mọ̀, láti ara ọ̀rọ̀ náà nìkan, bóyá ẹ̀tọ́ ló sọ àmì kan nù ni tàbí ètò ni wọ́n fi àmì kan kún. A mọ̀ pé àṣìṣe wà; a kò lè tún un ṣe. Bí àmì méjèèjì bá sì bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀tọ́ ti di ètò pátápátá, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Ohun tí bíìtì ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lè ṣe gan-an nìyẹn: ó ń mú àṣìṣe kan, méjì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ẹ mú «Ọ̀kà». Bí wọ́n bá kọ «Oka» lásán, àǹkóò fáwẹ̀lì sọ pé «o» kò lè ṣáájú «a» báyẹn. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló kù tí ó lè jẹ́, òun ni «ọ». A mọ̀ pé àṣìṣe wà, a sì ti tún un ṣe, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. «A» ló jẹ́rìí fún un.

Ẹ mú «Ìkàrẹ́». Bí wọ́n bá kọ «Ikare», kò sí òfin tó bàjẹ́. Lẹ́yìn «a», «e» lè wà, «ẹ» náà lè wà. Àlejò tí kò dé Àkókó rí yóò ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan sọnù. Orúkọ yìí kò ní ẹlẹ́rìí.

Ojú ọ̀nà kan, ìlú méjì: orúkọ ọ̀kan ń tún ara rẹ̀ ṣe, èkejì kò lè sọ pé wọ́n jà á lólè. Àmì ohùn kò tilẹ̀ ní ẹlẹ́rìí kankan nínú àǹkóò fáwẹ̀lì. A ti gba «ọ» padà fún Ọ̀kà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àmì ohùn, oúnjẹ ni ọkà, ejò ni ọká, ìlú sì ni Ọ̀kà. Gbólóhùn tó yí i ká nìkan ló lè gbà wá. Àwọn onílù mọ èyí ṣáájú wa. Dùndún kò lè pe kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì, ohùn ló ń gbé jáde. Nítorí náà onílù kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, oríkì gígùn ló ń lù, kí ọ̀rọ̀ kan lè máa jẹ́rìí èkejì.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé àmì Yorùbá ti pọ̀ jù. Wọ́n á ní bí àmì kan bá ti wà lára ẹ̀tọ́, kí ni a tún ń fi èkejì ṣe nígbà tí a ti mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà? Òótọ́ ni pé àmì kejì kò sọ nǹkan tuntun. Bíìtì ẹlẹ́rìí Cassini náà kò sọ nǹkan tuntun. Ọkọ̀ tó bá gbé ohun tó fẹ́ sọ nìkan, tí kò gbé ẹ̀rí dání, fúyẹ́ gan-an ni, ṣùgbọ́n bíìtì kan ṣoṣo tó láti sọ ọ́ di asọ̀rọ̀-má-yéni. Ẹni tó bá fi gbogbo àmì sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ fóònù ti tú ẹlẹ́rìí ká kí ọ̀rọ̀ tó gbéra.

6. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta

Ọgbọ́n kan ṣì kù, òun ló sì rọrùn jù. Kọ ohun kan náà sí ibi mẹ́ta, kí o sì jẹ́ kí wọ́n dìbò. Bí ẹ̀dà bá jẹ́ méjì tí wọn kò bá bára mu, o mọ̀ pé ọ̀kan ń parọ́, o kò mọ èwo ni. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, méjì á borí ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tó darí àgbá Saturn V, tó gbé àwọn èèyàn lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969, bẹ́ẹ̀ ló ṣe: ọ̀nà mẹ́ta ń ṣírò ohun kan náà, wọ́n sì ń gba èyí tí méjì bá fẹnu kò lé lórí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ wa tààrà. Àkókó jẹ́ ibi tí èdè ti pọ̀ gan-an lórí ilẹ̀ tí kò tóbi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá bíi ti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, a ní Arigidi, a ní Ukaan, a ní Akpes, tí àwọn tó ń sọ wọ́n kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ibi kan ṣoṣo ni ohùn náà máa ń wà: inú fóònù, tàbí inú fúláàṣì tó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ní ọdún 2010, Voyager 2 jìnnà ní wákàtí 13, síbẹ̀ wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bàbá ẹni ọdún 90 tó sọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ fún ọ lóṣù tó kọjá lè má sí nílé nígbà tí o bá padà lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń ṣe pẹ̀lú orúkọ tí mo ń kó jọ, mo sì rọ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe é. Mo ń kọ gbogbo àmì, ti abẹ́ àti ti òkè, kódà níbi tí àǹkóò fáwẹ̀lì ti lè bá mi rí i. Mo ń kọ gbólóhùn kan tàbí ìtumọ̀ kan ti orúkọ kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́rìí fún ohùn rẹ̀. Mo sì ń tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta sí ibi mẹ́ta tí kò sí lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ìdánrawò

1. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín láìsí àmì kankan. Ṣé ó bọ́ sí ọ̀wọ́ Ìkàrẹ́, ti ẹ̀tọ́, tàbí ti Ọ̀kà? Ẹ ṣàlàyé.

2. Kí ni àǹkóò fáwẹ̀lì lè sọ fún wa bí a bá rí «Owo» tí wọ́n kọ láìsí àmì, nígbà tó jẹ́ pé ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń sọ?

3. Òfin ìlà wa ṣì ni pé iye 1 gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí méjì, ní ìbú àti ní òòró. Bíìtì wo ni ìtànṣán yí padà níhìn-ín?

1 1 0
0 1 0
1 0 1

4. Àwọn ẹ̀ka-èdè Èkìtì kan ń jẹ́ kí «i» àti «u» náà wọ àǹkóò. Ṣé ìyẹn fi ẹlẹ́rìí kún ọ̀rọ̀ wọn, àbí ó dín in kù? Ẹ mú àpẹẹrẹ wá láti ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ tàmìtàmì.